Ọ̀rọ̀ sí Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ Látìnì kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sínú èdè wọn, tí àwọn akọ̀wé kóòtù, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníwèé ìròyìn kì í fi ṣeré: verbatim ni wọ́n ń pè é. Inú verbum, èyí tí í ṣe "ọ̀rọ̀", ni a ti fà á yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí a tún ohun tí ẹnìkan wí wí, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, láì yọ ọ̀kan kúrò, láì fi ọ̀kan kún un. Bí ẹni tí ó ń da ìwé kọ bá sì fẹ́ kí ó dá wa lójú pé òun kò pa lẹ́tà kan pàápàá dà, yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn, yóò ní verbatim et litteratim, èyí ni pé ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ àti ní lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àwa náà kò ṣàìní gbólóhùn fún un. A máa ń wí pé, "Bí ó ti sọ ọ́ gan-an nìyí," tàbí pé, "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo gbé kalẹ̀ yìí, n kò bù mọ́ ọn, n kò sì bù kúrò nínú rẹ̀." Síbẹ̀ àwọn baba wa kan náà tí wọ́n fi gbólóhùn wọ̀nyí sílẹ̀ fún wa ni wọ́n pa á lówe pé: Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀kan ní kí a má ṣe yí ọ̀rọ̀ padà. Èkejì sì yin ẹni tí ó yí i padà. Nígbà wo, nígbà náà, ni títún ọ̀rọ̀ wí gẹ́lẹ́ jẹ́ òtítọ́, nígbà wo ni ó sì jẹ́ ìwà ọ̀lẹ, tàbí irọ́ pàápàá? Ọ̀ràn yìí kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé ju ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, láti Mọníyà títí dé Lálúpọn, àti láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akànrán, kò sí iṣẹ́ tí a ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ju pé kí ó kọ́ nǹkan sórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òwe náà wò, nítorí a máa ń lò ó kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí baálé kan ní oko bá bínú sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní ìgboro Ìbàdàn, tí ó sì wí fún ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ bá ọ̀kánjúà yẹn, kí ó kó pọ́n-ùn mẹ́wàá mi wá lónìí," ọmọ tí a kọ́ dáradára yóò dé ọ̀hún, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì wí pé, "Bàbá ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ jọ̀wọ́ fi pọ́n-ùn mẹ́wàá yẹn rán mi lónìí." Ó ti mú èébú kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò mú pọ́n-ùn kan kúrò, kò sì sọ òní di ọ̀la. Bí ó bá wí pé pọ́n-ùn márùn-ún ni, a kò lè sọ pé ó fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ. Ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Nítorí náà, ìbínú olóhùn ni òwe náà fún wa láyè láti pa dà. Kò fún wa láyè lórí iye, lórí ọjọ́, lórí orúkọ, tàbí lórí ohun tí a béèrè. Akéde tí ó ń lu agogo kiri ìlú mọ èyí dájú. Òun lè fi ohùn dídùn kéde, ó sì lè fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ọba bá ní ọ̀túnla ni a ó tún ọ̀nà odò ṣe, tí akéde sì wí pé ọ̀la ni, ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ni yóò fi san gbèsè àṣìwí rẹ̀.

Ibi kan wà nínú àṣà wa tí a kò ti lè yí ọ̀rọ̀ kan padà rárá, kì í ṣe nítorí òfin, bí kò ṣe nítorí pé kò ní yé ẹnikẹ́ni mọ́. Ibẹ̀ ni ìlù. Dùndún kò ní ètè, kò sì ní eyín. Kò lè pe b tàbí k, kò lè fi ìyàtọ̀ sí àárín a àti e. Ohun tí ó ní ni ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti fífà ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ilé, owó, iṣẹ́, adé, ọkọ́: ohùn kan ṣoṣo ni márààrún jẹ́ lórí awọ ìlù. Báwo ni olórí ìdílé kan ṣe wá ń mọ̀, ní àárín ariwo ọjà, pé òun ni onílù ń kì? Ó mọ̀ nítorí pé oríkì tí onílù ń lù ti wà lórí etí rẹ̀ láti kékeré, gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn, bí wọ́n ti máa ń tò ó. Bí onílù bá fi ọ̀rọ̀ tuntun tí ó fúnra rẹ̀ hùn rọ́pò èyí tí a mọ̀, ìró ni a ó gbọ́, a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà ń fi ìlù ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé lé ìlù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè pé ta ni yóò jẹ oyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Wọ́n fi èyí rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ẹ̀rín náà. Etí Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìlù a máa wá ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀; bí a kò bá fún un ní ọ̀kan, yóò fúnra rẹ̀ wá ọ̀kan. Àtúnwí tí kò yẹ̀ ni ó fún ìlù ní ahọ́n.

Láti ìlù ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Kì í ṣe nítorí ìbọ ni mo fi mú wọn wá síhìn-ín, bí kò ṣe nítorí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ojú odù 16 ni ó wà, àmúlù 240 sì tẹ̀ lé wọn, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 256. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan kò sì ní iye. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kó ẹsẹ jọ sínú ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968, tí ó sì tún kọ ìwé ńlá kan nípa wọn ní 1976, kọ́ wa pé ẹsẹ Ifá máa ń ní apá mẹ́jọ. Orúkọ awo tí ó dífá ni àkọ́kọ́. Ẹni tí a dífá fún ni ìkejì. Ìdí tí a fi dífá ni ìkẹta. Ìmọ̀ràn tí a fún un, bóyá ó gbà tàbí kò gbà, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ tàbí àbámọ̀ ẹni náà, àti ọ̀rọ̀ ìkádìí. Ó sì fi hàn wá pé akẹ́kọ̀ọ́ Ifá kò gbọdọ̀ yẹ ohùn apá ìbẹ̀rẹ̀ àti apá ìparí, ṣùgbọ́n pé ní àárín, níbi tí ìtàn gbé wà, a gbà á láyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. A sábà máa ń sọ pé àwọn baba wa kàn ń fi ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́ ni. Ẹni tí ó to ẹsẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ayékòótọ́. Ó ti mọ̀ pé orúkọ, ìdí àti ìkádìí ni òpó ilé, pé bí a bá yí wọn, ilé wó. Ó sì mọ̀ pé ìtàn àárín ni yàrá, níbi tí onílé kọ̀ọ̀kan lè to àga rẹ̀ bí ó ti wù ú. Nígbà tí àjọ UNESCO ní 2005 ka Ifá mọ́ àwọn iṣẹ́ àtẹnudẹ́nu tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ọ̀pọ̀ nínú wa yọ̀ nítorí iyì tí a bù fún wa. Mo rò pé ìmọ̀ yìí, mímọ ohun tí a gbọ́dọ̀ dì mú àti ohun tí a lè jọ̀wọ́, ni ó tọ́ sí ayọ̀ náà jùlọ.

Ọ̀ràn àwọn oníjàálá ṣòro ju èyí lọ. Adéboyè Babalọlá, nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa ìjálá ní 1966, jẹ́ kí a mọ̀ pé ọdẹ kan kì í dá jálá kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó máa wò ó lásán. Bí ó bá kì í ní àkìtọ̀, èkejì lè dá sí i lójú agbo, kí ó ní ohun tí ó wí kì í ṣe òtítọ́, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí a tún ṣe náà sì lè fèsì pé bí òun ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun nìyẹn. Aṣelámèyítọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń ṣe é láìsí ìwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó jàre? Bí ọ̀gá méjì bá kọ́ ọmọ méjì ní oríkì kan náà, tí wọn kò sì bá ara wọn mu, ní ilé wo ni a ti máa rí oríkì gan-an?

Ìbéèrè yìí ti dé ibòmíràn ní ayé. Láàárín 1933 sí 1935, Milman Parry, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, lọ gba orin àwọn akọrin ìtàn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yugoslavia, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Albert Lord, ẹni tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ní 1960. Àwọn akọrin wọ̀nyí búra pé bí àwọn ti gbọ́ orin ni àwọn ń kọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ wé ara wọn, wọn kò rí bákan náà: èyí gùn, èyí kúrú, gbólóhùn yàtọ̀ sí gbólóhùn. Ǹjẹ́ òpùrọ́ ni wọ́n bí? Lord ní rárá. Ohun tí àwọn akọrin náà ń pè ní "ọ̀rọ̀" kì í ṣe ohun tí àwa tí a ń fi àlàfo sí àárín ọ̀rọ̀ lórí ìwé ń pè bẹ́ẹ̀. Odidi ohun tí a wí ni ọ̀rọ̀ lójú wọn.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Kí ni àwa ń pè ní ọ̀rọ̀? Èyí tí a ń tò sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí a jókòó sọ ní àṣálẹ́, ọ̀rọ̀ ni. Ìjà tí ó wà láàárín ìdílé méjì, ọ̀rọ̀ ni, a ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí tó gẹ́ẹ́." Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá ní òun sọ ọ́ "ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀", ó lè jẹ́ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ ni ó ní lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀ràn gan-an ni, pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí òun fò. Látìnì ní verbum fún ọ̀kan, ó sì ní orúkọ mìíràn, res, fún èkejì. Àwa fi orúkọ kan pe méjèèjì, a sì gbọ́dọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ara wa èwo ni a ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìwé, níbi tí a rò pé ewu ti tán. Kò sí ìwé ìtàn tí a ń yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ tó ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Olùkọ́ ni Johnson ní Àrẹ̀mọ, ní Ìbàdàn, kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. A fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó ń gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà bọ́, ṣùgbọ́n ó di 1921 kí a tó tẹ̀ ẹ́. Obadiah pẹ̀lú ti kú ní 1920.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ pé, "Johnson wí báyìí pé," tí ó sì fi àmì àyọlò há ọ̀rọ̀ náà mọ́, ọ̀rọ̀ ta ni ó há mọ́ níbẹ̀? Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó fi ohun àtijọ́ sọ ní èdè Yorùbá. Samuel gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù. Obadiah tún un kọ láti inú ohun tí ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ wá dá a padà sí Yorùbá fún kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ náà ti pààrọ̀ aṣọ. Èmi kò sọ èyí láti tàbùkù ìwé náà. Bí kò bá sí àwọn ọmọ-ìyá méjèèjì wọ̀nyí, òkùnkùn ni à bá máa táràrà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀ràn ni ìwé náà pa mọ́ fún wa, kì í ṣe ohùn arọ́kin. Bí ohùn ni a ń wá, ẹni tí ó kọ ìtàn ní èdè tí a fi sọ ọ́ ni ó súnmọ́ ọn. Ìdí nìyí tí inú mi fi máa ń dùn sí ìwé kékeré tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, tẹ̀ ní 1911 nípa ìtàn Ìbàdàn. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, ọdún mẹ́wàá sì ni ó fi ṣáájú ìwé Johnson dé ojú ayé. A ń gbàgbé rẹ̀ nítorí pé a rò pé ìtàn tí ó bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní ẹ̀rí.

Nípa lẹ́tà sí lẹ́tà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́ ni kò ní àmì ohùn tó. Ẹni tí ó bá da "oko" kọ lẹ́tà sí lẹ́tà láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì dá ohunkóhun kọ, àfi bí ó bá mọ̀ bóyá oko, òkò, ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀ tàbí ọkọ̀ ni. Ìpàdé tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther darí ní Èkó ní 1875 ṣe ètò bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ètò tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì sọ "aiye" di ayé, ó sọ "enia" di ènìyàn. Èrò mi ni pé ẹni tí ó ń kọ́ nípa bí a ti ń kọ̀wé láyé àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tẹ ìwé fún ọmọdé láti kà, kí ó lo ètò tuntun, kí ó fi àmì sí i, kí ó sì sọ ọ́ ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni ó fi hàn jùlọ pé ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ lè ṣi ni lọ́nà. Ní nǹkan bí ọdún 395, Jerome, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì, kọ lẹ́tà sí Pammachius láti dáhùn ẹ̀sùn pé òun kò túmọ̀ ìwé kan bí ó ti wà. Èsì rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ni òun ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀, àfi nínú Ìwé Mímọ́, níbi tí ètò ọ̀rọ̀ pàápàá jẹ́ ohun ìjìnlẹ̀. Crowther àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tí odidi Bíbélì Yorùbá jáde láti ọwọ́ wọn ní 1884, bá ìṣòro kan náà pàdé. Ibi tí Yorùbá kò ní orúkọ, wọn kò fi tipátipá ṣe é. Wọ́n lo àlùfáà, wòlíì àti àdúrà, tí àwọn Mùsùlùmí ti sọ di ọ̀rọ̀ ilé kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú orúkọ Èṣù, wọ́n fi pe ọ̀tá ọkàn ènìyàn. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè ní 1962, ti fi hàn pé Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe ẹni yẹn. Ọ̀rọ̀ kan dípò ọ̀rọ̀ kan ni. Àwọn tí a pè kì í sì í ṣe ẹnìkan náà.

Ẹ fi èyí wé ohun tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968, nígbà tí ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Fágúnwà tẹ̀ ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà gbà pé irinwó ni ó wà nínú orúkọ irúnmalẹ̀. Ṣóyínká pè wọ́n ní ẹgbẹ̀rún. Ọmọ tí ó bá mọ ìṣirò yóò ní ó ti ṣì í ní ẹgbẹ̀ta. Kò ṣì í. Irinwó lẹ́nu Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe iye tí a kà. Ọ̀pọ̀ tí kò lóǹkà ni, ẹgbẹ̀rún sì ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ṣe irú iṣẹ́ náà. Ó pa iye dà kí ó lè pa ìtumọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ohun kan jábọ́ lójú ọ̀nà: Yorùbá tí ó bá gbọ́ irinwó yóò rántí òkànlénírinwó, iye tí a máa ń fi ka àwọn òrìṣà, Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì gbọ́ ẹgbẹ̀rún kò ní rántí ohunkóhun. Olùtumọ̀ rere ni ẹni tí ó mọ ohun tí òun sọnù, tí ó sì rà á padà níbòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni gbogbo èyí kàn, a lè fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn oko wa. Ní gbogbo àyíká Ìbàdàn ni a ti rí àwọn àgbẹ̀ tí baba-ńlá wọn dé láti ibòmíràn, tí onílẹ̀ fi ilẹ̀ hàn, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín. Ẹnu ni a fi ṣe májẹ̀mú náà, lójú ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé. Kí ni onílẹ̀ wí lọ́jọ́ náà? Bí ó bá wí pé, "Mo fún ọ," ọ̀rọ̀ fún ní Yorùbá lè jẹ́ ẹ̀bùn títí láé, ó sì lè jẹ́ kí a jẹ́ kí ènìyàn máa lo nǹkan. Bí ó bá ní, "Máa dá oko níbẹ̀," ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá ní, "Máa dá oko níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò sí níbẹ̀," ọ̀tọ̀ tún ni. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ iṣu àti àgbàdo ni a ń gbìn, ìyàtọ̀ wọ̀nyí kò dun ẹnikẹ́ni, nítorí oko yóò di igbó padà. Nígbà tí kòkó dé, ní òpin ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, igi tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olóògbé wí di ohun tí ọmọ méjì ń bá ara wọn dé kóòtù lé lórí.

Ní kóòtù náà, Yorùbá ni ẹlẹ́rìí ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé sábà máa ń kọ. Ẹlẹ́rìí wí pé, "Bàbá mi ni ó fún bàbá rẹ̀". Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Ẹlẹ́rìí wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni ó wà níbẹ̀". Akọ̀wé ní láti yàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni ó rò pé òun ń kọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń ṣe ìdájọ́ kí adájọ́ tó ṣe é. Níhìn-ín ni mo ti dúró gbọn-in pé kí a kọ ọ̀rọ̀ olùfisùn àti ti ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba májẹ̀mú ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ní abúlé, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ó kọ ọ̀rọ̀ fún sílẹ̀ bí wọ́n bá wí fún, kí ó sì bi wọ́n kí wọ́n tó lọ sùn pé, "Ẹ̀bùn ni, tàbí ìlò?" Bí wọ́n bá ti kú tán, kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ọmọ bá kúrò lọ́dọ̀ wa kò pọ̀. Kí ó mọ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn àti nígbà tí ó ń sọ tirẹ̀, kí ó sì fi àmì àyọlò pín wọn níyà lórí ìwé. Bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àgbà kan wí, kí ó sọ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má sì fi ọwọ́ kan iye, ọjọ́ àti orúkọ. Bí ó bá ti ka àkọ́sórí rẹ̀ tán láìṣì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀; ẹ ní kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ ọ́, lẹ́yìn náà kí ó padà sínú àkọ́sórí náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ọmọ tí ó lè ṣe èkíní nìkan ń dún bí ìlù tí kò mọ ohun tí ó ń wí. Èyí tí ó lè ṣe èkejì nìkan kò ní ohun tí yóò fi bá ẹlẹ́rìí èké jiyàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sí oko ní ìsinmi, ẹ mú ìwé kékeré kan àti gègé dání. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ kọ oríkì ilé yín sílẹ̀ bí wọ́n ti kì í, pẹ̀lú àmì ohùn, àti orúkọ ẹni tí ó kì í, àti ọjọ́ tí ó kì í. Bí ẹlòmíràn bá kì í lọ́nà mìíràn, ẹ má ṣe pa ti èkíní rẹ́. Ẹ kọ èkejì sí abẹ́ rẹ̀.